KÓKÓ ALÁGBÀṢE TÍ Ó WÀ LÁRA MÍKSÀ
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn sọ)



Ilé kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, yunifásítì ni mo parí rẹ̀ sí. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ míksà. Ìtìjú tí ó bá wa ní ọjọ́ wáàsí kan ni ó mú mi jókòó ti ìwé ìlò rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohùn mi sì ń dún bí ohùn ẹni tí ó kó sí kànga. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ fẹ́ dín ẹ́kò kù, ó na ọwọ́ sí kókó kìíní, ó yí i sí òsì. Ohùn mi pòórá. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi ipá yí i padà sí ọ̀tún. Ni àwọn sípíkà bá han gooro, tí àwọn àgbàlagbà ń fi ọwọ́ di etí. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ jáde, kò sì padà wọlé mọ́.

Wọ́n fẹ́ bá ọmọ náà wí. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí kókó tí ó dì mú kì í ṣe èyí tí ó rò.

Lára míksà àtijọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kókó kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo irú tiwa yìí, X32 tí Behringer gbé jáde ní 2012. Ní apá kan rẹ̀, kókó mẹ́rin tí a ń yí wà, pẹ̀lú bọ́tìnì mẹ́jọ tí a ń tẹ̀. Alágbàṣe ni gbogbo wọn: iṣẹ́ tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n ni wọn yóò ṣe. Bọ́tìnì A, B àti C wà nítòsí. Bí ẹ bá ti tẹ òmíràn, àwọn méjèèjìlá pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ 36 ni lápapọ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ́kò ni kókó kìíní ń darí ní A. Ní B, agbára tí a fi ń gba ohùn makirofóònù wọlé ni. Ẹni tí ó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn ti fi í sílẹ̀ sí B. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Ohun kejì ni pé kókó yìí kò ní òpin. Ti àtijọ́ a máa dúró bí ó bá kan ìpẹ̀kun. Eléyìí ń yí láìdúró, nítorí inú ọpọlọ ẹ̀rọ ni iye náà wà, kò sí lára kókó. Ọwọ́ kò lè sọ ibi tí a dé. Gíláàsì kékeré tí ó wà nítòsí rẹ̀ ń fi orúkọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe hàn. Ẹ kà á kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá tẹ VIEW ní apá yẹn láti pín iṣẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Àwọn kan nínú yín fẹ́ kún gbogbo ààyè 36. Èmi kò rí èrè rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin tó wa. Ẹ fi ẹ́kò sí kókó kìíní. Sí ìkejì, ìwọ̀n ohùn tí ń lọ sí sípíkà apá àwọn obìnrin, nítorí ẹni tí ó jókòó nídìí míksà kì í mọ̀ bí wọn kò bá gbọ́ mọ́. Méjì yòókù, ẹ jọ sọ ọ́ láàrin ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi agbára ìgbohùnwọlé makirofóònù síbẹ̀ láéláé. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó dé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá sì gbọdọ̀ ṣìnà, kókó kan náà ni kí ẹ fún un ní A, ní B àti ní C.

Ọmọ ọjọ́sí ti kọ A gàdàgbà sórí pépà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Kí ẹ tó ṣí makirofóònù ní Jímọ̀ tí ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀.