Ẹrù Wa Nílé Onílé

 

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, inú yàrá kan là ń kó fáìlì sí. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì wà, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí a kò dé rí. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹrù sílé onílé kì í sùn wọra.

Ní ọdún 2024, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, a kó nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn opó tí à ń ràn lọ́wọ́ fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi tẹ líǹkì náà lórí fóònù tirẹ̀. Kò fi pásíwọ́ọ̀dù kankan sí i, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àyà mi já. Olè kò jálẹ̀kùn. Onílé ni kò tì í.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, mo fi àwòrán ohun tí mo rí ṣe ẹ̀rí. Wọn kò fèsì. Nígbà tí a lọ kìlọ̀ fún àwọn opó pé kí wọ́n má ṣe dá ẹni tó bá fi orúkọ báńkì pè wọ́n lóhùn, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: “Bàbá Akọ̀wé, ta ni mo fún ní nọ́ńbà mi, ẹ̀yin ni àbí àwọn yẹn?” Ojú tì mí.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 gbè é lẹ́yìn. Bí ìjáde ìsọfúnni bá lè pa ènìyàn lára, àwa tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ní láti fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72 tí a bá ti mọ̀. A kọ̀wé náà, a sì kó ẹrù wa kúrò.

Àwọn ńlá pàápàá ń ṣèèṣì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ Facebook fúnra wọn já ẹ̀rọ wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. WhatsApp dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 6.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa fi fóònù ẹlòmíràn dán ilẹ̀kùn wò. Ohun tí kò pọn dandan, kí a má fi síbẹ̀. Kí ẹ̀dà ìwé orúkọ wa sì wà nílé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí.