Ìbò Tàbí Gègé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Bobiel,

Àwọn kan ń béèrè pé, kí ló dé tí a kò kúkú ṣẹ́ gègé mú àwọn sẹ́nétọ̀ láàárín ará ìlú? Ìbéèrè gidi ni. Ní Áténì àtijọ́, gègé ni wọ́n fi ń mú 500 ènìyàn sí ìgbìmọ̀ ìlú, fún ọdún kan. Ní Ireland, lọ́dún 2016, gègé ni wọ́n fi kó ará ìlú 99 jọ láti gba ìjọba nímọ̀ràn.

Gègé kì í gba rìbá, kò sì mọ ọmọ olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí gègé mú kò ní padà wá bẹ̀ yín. Àwọn sẹ́nétọ̀ Nàìjíríà 109 ń padà wá lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ lè fi ìbò lé wọn lọ.

Òfin kò tíì gbà wá láyè láti dìbò ní Niamey. Bí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 18, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nílé, kí ẹ gba káàdì, kí ẹ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ, ẹlòmíràn ló ń bá a yàn. Gègé kì í ṣe ojúsàájú. Ẹlòmíràn a máa ṣe é.