Kí A Tó Ra Sìmẹ́ǹtì: Ọ̀rọ̀ Lórí Odò Wa

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ kọ́fáàtì ló gbé mi dìde. Gbogbo wa la rí ohun tí àgbàrá ṣe lọ́jà lọ́dún tó kọjá. Àpò gàrí mẹ́rin ló bá omi lọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá sọ pé kọ́fáàtì ńlá la máa fi owó tí a dá jọ ṣe, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo padà sí iléèwé ni mo tún un rò.

A ń lo sọ́fíwíà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ HEC-HMS. Àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ológun Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú rẹ̀ la ti ń to odò. Ẹ wò ó báyìí: tí àlejò bá bi yín ní ọ̀nà Èkó, ẹ ò ní máa ka igi ẹ̀bá ọ̀nà fún un. Gáréèjì lẹ máa dárúkọ, àti ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Bí odò ṣe rí nìyẹn. Ibi tí odò méjì ti pàdé, dáàmù, ibi tí wọ́n ti ń fa omi: gáréèjì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń pè ní node. Ojú odò tó so wọ́n pọ̀ ni link. Ní node, ìṣirò àjọ la ń ṣe: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù nílẹ̀. Lójú link, àkókò là ń ṣírò: ìgbà wo ni omi máa dé ìsàlẹ̀?

Ẹ mú odò Ògùn. Ó ń ṣàn bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, odò Ọ̀yán sì pàdé rẹ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Nísàlẹ̀, Èkó ń fa omi ní ilé omi Àdìyàn. Tí omi bá pọ̀ lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa gbé àga sórí tábìlì, bí òjò ò tilẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Odò tiwa kéré, àmọ́ ẹ má fojú kéré ẹ. Òjò 50 mìlímítà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní kìlómítà kan, tó sì gùn ní kìlómítà kan, tó omi táńkà 5,000 tó ń gbé lítà 10,000. Apá kan á wọlẹ̀, ìyókù á wá ọ̀nà. Lónìí, kọ́fáàtì kékeré yẹn ló ń dá a dúró, ìyẹn lọjà ṣe ń kún. Mo to odò wa, node méje péré. Mo fẹ kọ́fáàtì lójú kọ̀ǹpútà: ọjà gbẹ, ṣùgbọ́n omi sáré lọ ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká gbé omi kúrò lọ́rùn ìyá, ká wá gbé e lé ọmọ lórí ni?

Ẹ má gbà mí gbọ́ tán o. Àfojúdá ni púpọ̀ nínú iye tí mo lò. Kọ̀ǹpútà ò mọ odò wa. Ohun tí a bá sọ fún un ló máa ṣírò. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí a fi òjò ọdún yìí wọn omi. Ike méjì tí a fi ń wọn òjò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lọ́jà. Ọ̀dà tí a máa fi sàmì sára òpó afárá. Àwa ọ̀dọ́ á máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi ibi tí omi dé lára ògiri yín láyé ọjọ́un hàn wá. Ìwé mi ò mọ ìyẹn.

Mo mọ̀ pé owó sìmẹ́ǹtì lè gun òkè kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn. Owó kọ́fáàtì tí a máa wó, ká tún un kọ́, jù ú lọ. Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ ká kó gọ́tà ọjà. Àwa ọ̀dọ́ á mú ṣọ́bìrì wá ní Sátidé.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìlú wa á tòrò o.