Ta Ló Wà Nínú Ẹ̀?

 Ọ̀rọ̀ idán la fẹ́ sọ lónìí, idán ojú agbo gan-an, kì í ṣe ti TikTok.

Ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì nígbà ọdún yóò mọ Sàngbétò. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ló ni ín. Òkìtì ìko gogoro ni, ó ń yí bí òkòtó. Tó bá yí títí, wọn á dojú rẹ̀ dé, wọn á ṣí i sókè: òfìfo! Nígbà mìíràn, ọmọlangidi kékeré ni ẹ ó bá níbẹ̀ tó ń jó. Fóònù gbogbo ènìyàn á ti wà lókè. Kọ́mẹ́ǹtì tó máa ń wà lábẹ́ fídíò náà kì í yàtọ̀: "Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì yìí kan náà.

Ní ìparí ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọmọ Skọ́tlándì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú Richard Lander àtàwọn mìíràn. Wọ́n forí lé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Aláàfin. Àìsàn pa àwọn kan nínú wọn lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, wọ́n pè wọ́n wá wòran láàfin. Eégún alárìnjó ni, àwọn apidán tó ń ti ìlú dé ìlú ṣeré.

Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò. Lẹ́yìn náà, òjòlá ńlá yọ láti inú àpò, ó ń wọ́ kiri, ènìyàn sì ni! Ìkẹta ló wá pa ìlú lẹ́rìn-ín: ẹnì kan yọ, ó funfun báláú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, òtútù ń mú un. Ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ rí. Òyìnbó ni! Àwọn èrò wá ń rọ Clapperton pé kó wò ó dáadáa, kó rí bí eré náà ṣe dára tó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ó wá wò wá, kò mọ̀ pé àwọn òṣèré ti wo irú òun dáadáa. Ká ní ẹni tó wà nínú àpò nìkan ló ń wá, kò ní rí ara rẹ̀ lójú agbo.

Sàngbétò ńkọ́? Ọdẹ òru ìlú ni. Lójú tèmi, òfìfo yẹn ń sọ̀rọ̀: ẹni tó ń ṣọ́ wa kò lójú, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fún un ní rìbá, kò sẹ́ni tó lè sọ pé "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni." Tó bá mú olè, kì í ṣe lágbájá ló mú un, ìlú ló mú un. Ẹni tó bá wá yọ́ kẹ́lẹ́ fi kámẹ́rà sábẹ́ ìko, àwọn tó máa wò ó á pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ̀rù ọdẹ tí gbogbo ayé ti mọ ilé rẹ̀?

Ẹ ya fídíò yín o. Ẹ kàn yí ìbéèrè padà: kí ni idán yìí ń sọ fún wa?

Ó dìgbà kan ná.