ÒWÒ TUNTUN, ỌGBỌ́N ÀTIJỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

 

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yàn fún mi ni láti sọ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí àwọn tí ń dá ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀ mọ̀, pàápàá àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣòwò. Ní ayé àtijọ́, bí ọmọ bá fẹ́ ṣòwò, ìsọ̀ ni yóò bèèrè. Lónìí, owó kọ̀ǹpútà ni ó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London àti ní Houston. Òógùn ojú ẹni ni owó náà. Bí ó bá ṣègbé, kì í ṣe owó nìkan ni ó ń lọ. Ìfẹ́ àárín ẹbí a máa bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a mọ ohun tí ń dun oníbàárà kí a tó gbé ọjà kalẹ̀. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, dá Paystack sílẹ̀ ní 2015. Wọn kò dáwọ́ lé ohun mẹ́wàá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n rí: ó ṣòro fún oníṣòwò ilẹ̀ wa láti gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí náà ni wọ́n gbájú mọ́. Ní 2020, Stripe, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò rà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ kò bá lè fi gbólóhùn kan sọ ìyà tí ọjà yín ń mú kúrò lára ènìyàn, ẹ má tíì ná owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ọjà tí a kò tíì gba owó rẹ̀, a kò tíì tà á. Àwìn ni àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé oníbàárà, wọ́n mọ ọjọ́ tí owó yóò pé, òṣó ni wọn yóò sì ló níwájú ilé títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ẹ wá wo Konga, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012. Ó gbà kí ènìyàn rí ọjà nílé rẹ̀ kí ó tó sanwó. Èyí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó bèèrè ọjà bá yí ọkàn padà, ẹni tí ó gbé e lọ ni yóò gbé e bọ̀, owó epo ti jóná. Àwọn olówó òkè òkun dókòwò níbẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ní 2018, a tà á fún Zinox. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé owó tí a gbà lọ́wọ́ onídókòwò kì í ṣe èrè. Èrè ni ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti san gbogbo ohun tí a jẹ.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kí oníṣòwò má ṣe kọ ẹ̀yìn sí òfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti ní àwọn òpópónà ńláńlá. Gokada, tí ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, kò jókòó sunkún. Ó yí sí gbígbé ẹrù àti ìwé fún àwọn oníbàárà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà kejì tẹ́lẹ̀ ni ó ń tètè dé ọjà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin kan ìnáwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ó fi máa di ìparí oṣù Èrèlé 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ń gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà, tí ó sì ń san dọ́là fún ẹ̀rọ tí ó yá lò ní òkè òkun, ìnáwó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ó ra ohun kan kún un. Nítorí náà, irú owó tí ń wọlé ni kí a fi díwọ̀n irú owó tí ń jáde.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni ó dùn mí jù láti sọ: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ènìyàn méjì ni ó kéré jù tí ó lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ a sì fi orúkọ àbúrò tàbí ìyàwó kún un lásán. Òfin tuntun ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹni tí kò ní ìpín. Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ nínú ìwé bóyá ọrẹ ni, tàbí ẹ̀yáwó, tàbí ìpín nínú òwò. Ohun tí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ pè ní ìpín, tí ẹni tí ó gbà á pè ní ọrẹ, ìjà ni yóò dà lọ́jọ́ tí èrè bá dé.

Ní ìparí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ wa. A máa ń pe àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà pé kí wọn wá bá wa ṣe ìwé, kí wọn bá wa ṣe ètò owó ẹgbẹ́, a ó sì fi àdúrà san án. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n àdúrà kò ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gbé iṣẹ́ ìwé owó-ìdá ọmọ ẹgbẹ́, nílé àti lẹ́yìn odi, fún ọ̀dọ́ ìlú yìí kan, kí a dá iye owó, kí a dá ọjọ́, kí a sì san án pé. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, kí a sọ fún un láìfi bò. Oníbàárà kan tí ó san owó, tí ó sì sọ òtítọ́, sàn fún ọ̀dọ́ oníṣòwò ju olóore mẹ́wàá lọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè sí i.