Ààrẹ Nìkan Kọ́ Ni Ìjọba
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Igbó-Ọrà)

 

Bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ Ààrẹ àti ẹni tí yóò jẹ Gómìnà ni a máa ń jà sí ní gáréèjì. Ẹni tí a ó rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ wá lójú. Àṣìṣe ńlá ni.

Ní 1979, Alhaji Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN di Ààrẹ. Ṣùgbọ́n nínú aṣojú 449 tó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 168 péré ni ti NPN. UPN ní 111, NPP ní 78, PRP ní 49, GNPP ní 43. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà, 36 ni wọ́n ní nínú 95. Ni NPN bá lọ bá NPP mulẹ̀, ìdí nìyẹn tí Edwin Ume-Ezeoke, ọmọ NPP, fi di olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ìmùlẹ̀ náà tú ká ní 1981.

Ọdún yẹn kan náà ni NLC, tí Hassan Sunmonu ṣe olórí rẹ̀, béèrè ₦300 fún owó-oṣù tó kéré jù. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù May. ₦125 ni wọ́n rí gbà, ó sì di òfin. Ó kéré sí ohun tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n Ààrẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì kò lè dá òfin ṣe. Òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀kùn tó pọ̀ láti kàn nígbà náà.

Ẹ wá wo Kàdúná. Balarabe Musa ti PRP ni Gómìnà, NPN ló pọ̀ jù nílé aṣòfin. Wọn kò gba àwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀ wọlé, wọ́n sì yọ òun fúnra rẹ̀ ní June 1981.

Amẹ́ríkà tí a ti wo irú ìjọba yìí náà ń rí i. Ní 1995, Clinton jẹ́ Democrat, àwọn Republican ló ni ilé méjèèjì. Wọn kò fẹnu kò lórí ìnáwó, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba sì tì pa. Òṣìṣẹ́ jókòó sílé láìgbowó, ẹ̀yìn ìjà ni wọ́n tó san án fún wọn.

Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ kan náà kì í jà o. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, aṣòfin 18 nínú 32 ló yọ Ládọjà ní January 2006, bẹ́ẹ̀ 22 ni òfin ń fẹ́. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá a padà ní December.

Ní July 2024 ńkọ́? APC ni Ààrẹ, APC ni olórí ilé méjèèjì. Iye tí NLC béèrè gbẹ̀yìn ni ₦250,000. ₦70,000 ló wọlé, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ilé méjèèjì fi parí àbádòfin náà.

Ìbàràpá Àárín àti Àríwá ní aṣojú kan l'Ábùjá, Ìlà-Oòrùn àti Ìdó ní ọ̀kan. Ta ló lè dárúkọ àwọn méjèèjì fún mi nínú ìpàdé yìí? Ẹ nawọ́ yín sókè.