Ẹ Ṣọ́ Wáyà Iná ní Ẹnu Páìpù

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ sún mọ́ rédíò dáadáa.

Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Bí a bá fi ewé wé e, ewé ni aṣọ rẹ̀. Bí ewé náà bá ya, iyanrìn á wọlé, dòdò bàjẹ́ nìyẹn. Wáyà iná náà ní aṣọ tirẹ̀: rọ́bà tí a fi bo bàbà inú rẹ̀. Bí aṣọ ti wáyà bá ya, kì í ṣe pé nǹkan ń wọlé. Iná ló ń jáde.

Níbo ni aṣọ yìí ti máa ń ya? Ẹ wo okùn kànga. Ibi tó ti ń ha etí kànga ló ti ń já. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wáyà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú páìpù tí a rì mọ́ ògiri. Ẹnu páìpù, níbi tó ti wọ inú àpótí irin tí a ń de swíìsì mọ́, ni ewu wà. Ayùn ni oníṣẹ́ iná fi gé páìpù náà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí àpáàdì. Bí ẹnì kan ti ń ti wáyà níhìn-ín, tí ẹnì kejì ń fà á lọ́hùn-ún, ẹnu mímú yìí á máa bó rọ́bà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dán an wò. Ẹ fa òwú lọ, ẹ fà á bọ̀ lórí etí àpáàdì ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ ṣe bákan náà lórí ẹnu ìgò. Ẹ ó rí èyí tí yóò kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n òwú ni kí ẹ fi dán an wò o. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà iná!

Nígbà tí bàbà bá hàn, tó sì kan àpótí irin, iná fóòtì 230 ti wọ àpótí nìyẹn. Bí wáyà kan bá so àpótí náà mọ́ ilẹ̀ bó ti yẹ, fíúsì á jó, onílé á sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Bí kò bá sí, iná á lúgọ síbẹ̀ títí ọwọ́ tútù ọmọdé kan yóò fi kan irin tí a fi de swíìsì. Bí wáyà méjì tó ti bó bá sì kan ara wọn, wọ́n lè ṣáná, ilé lè jó.

Kí ni oògùn rẹ̀? Kò wọ́n. Kí oníṣẹ́ fi fáìlì ha ẹnu páìpù tó gé títí yóò fi dán. Lẹ́yìn náà, kí ó de ohun tí wọ́n ń pè ní búùṣì sí i. Òrùka kékeré ni, ti idẹ fún páìpù irin, ti ike fún páìpù ike, ẹnu rẹ̀ sì ń jọ̀lọ̀ bí ẹnu ìgò. Bí wáyà bá gba ihò àpótí kọjá láìsí páìpù, kí ó fi òrùka rọ́bà sí etí ihò náà. Kí ó tó fa wáyà ni kí ó ṣe gbogbo èyí. Bí wáyà bá ti wọlé tán, òrùka kò rọ́nà wọlé mọ́ àfi kí a tún fa wáyà jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Ìkirè, ní Àpòmù, àti níbi gbogbo, kí wọ́n tó fa wáyà, ẹ wo inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tijú, ẹ béèrè pé, "Ọ̀gá, búùṣì dà?" Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó dàbọ̀ o.